Sir Adéyẹmọ Alákijà àti Ẹgbẹ́ Island Club

Bí a bá dúró létí ọ̀sà ní Makoko, tí a kọjú sí ìhà gúúsù, a óò rí Erékùṣù Èkó lókèèrè. Ní erékùṣù náà, ní àdúgbò Oníkan, ni ilé ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan wà, tí à ń pè ní Island Club. Ọdún 1943 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀ ni Sir Adéyẹmọ Alákijà.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1884. Ọmọ Àgùdà ni. Èyí ni pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, tí wọ́n sì padà wá sílé. Placido Assumpcao ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí láti kékeré. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba fún bí ọdún mẹ́wàá, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1910 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní ọdún 1913, ó di lọ́yà. Ní ọdún yìí kan náà ni ó bọ́ orúkọ Àgùdà sílẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ Alákijà. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré, nítorí orúkọ tí ó bọ́ sílẹ̀ náà ni oko ẹrú fi lé ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi di ẹni ńlá ní Èkó. Ó wà lára àwọn tí ó dá ìwé ìròyìn Daily Times sílẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1926. Ṣùgbọ́n ìṣèlú kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ Herbert Macaulay ni ó gba gbogbo àyè mẹ́ta tí í ṣe ti Èkó. Alákijà fìdí rẹmi. Ìjọba ni ó yàn án sí ìgbìmọ̀ náà ní ọdún 1933 láti ṣojú àwọn Ẹ̀gbá. Nítorí náà, ojú ọ̀rẹ́ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń wò ó.

Láyé ìgbà náà, àwọ̀ ara ni ó ń sọ ibi tí ènìyàn lè jókòó sí. Àwọn òyìnbó ti dá Ikoyi Club sílẹ̀ fún ara wọn ní ọdún 1938. Lọ́yà tí ó jẹ́ adúláwọ̀ lè bá òyìnbó ro ẹjọ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn bí 50 tí ó dá Island Club sílẹ̀ fẹ́ yí padà nìyẹn. Wọn kò wo ẹ̀yà, wọn kò sì wo àwọ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ alága tí ó mọ tilé tí ó sì mọ toko. Ohun tí àwọn ará ìlú fi ń bú Alákijà sì wá wúlò níbẹ̀.

Àmọ́ ṣá, ilẹ̀kùn náà kò ṣí fún tọmọdé tàgbà. Ìdènà àwọ̀ ni wọ́n wó; ti owó àti ti ìwé kíkà ṣì dúró gbọn-in. Àwọn apẹja Makoko kò sí nínú wọn.

Ìdènà àwọ̀ pàápàá kò tíì kúrò nílùú. Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, dé Bristol Hotel ní Èkó. Nígbà tí wọ́n rí i pé adúláwọ̀ ni, wọn kò fún un ní yàrá. Ìlú gbóná, títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ kí irú ìwà bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Alákijà ti gba oyè Sir ní ọdún 1945. Ní ọdún 1948, ó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni ìjà ọ̀rọ̀ láàárín Yorùbá àti Ìgbò le ní Èkó, tí àwọn kan ń lọ ra àdá lọ́jà nítorí rẹ̀. Ó ṣòro fún ẹni tí ó ti ṣe alága níbi tí a kì í béèrè ẹ̀yà láti tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ẹ̀yà kan ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn alátakò kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀.

Ó kú ní ọdún 1952, ọdún mẹ́jọ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ẹgbẹ́ Island Club ṣì wà ní Oníkan.