Eddie Sachs

Eddie Sachs (28 oṣù Èbìbí, 1927 – 30 oṣù Èbìbí, 1964) jẹ́ awakọ̀ eré-ìje ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ní Indianapolis 500 ti ọdún 1961, ìyípo mẹ́ta péré ló kù kí ó borí nígbà tí ó yà láti pààrọ̀ táyà tó ti jẹ, A. J. Foyt ló gba ipò kìíní.

Ní ìyípo kejì ìdíje ọdún 1964, ọkọ̀ Dave MacDonald kọlu ògiri, epo bẹntiróòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sì gbiná. Sachs rọ́ lù ú. Àwọn méjèèjì ló kú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, àjọ USAC dín epo tí ọkọ̀ lè gbé kù, wọ́n sì pàṣẹ pé kí àpò rọ́bà tí kì í tètè ya máa wà nínú táǹkì.