Ibn Khaldun àti Àwọn Tó Ń Fi Ìràwọ̀ Ka Ìtàn Ayé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tó fi ìràwọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún ojú òfuurufú, tó sì fi ṣe atọ́nà fún arìnrìn-àjò lórí omi àti ní aṣálẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, Ibn Khaldun ni a mú ìtàn rẹ̀ wá fún yín nínú ìwé ọdún yìí. Ìdí tí a fi mú un kò ṣòro. Bí a bá bímọ láàárín wa, àwọn kan á ní kí a lọ wo ìràwọ̀ ọmọ náà kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìjọba bá yí padà, àwọn kan á ní àwọn ti rí i nínú ìṣirò tipẹ́. Bí ọba bá gorí ìtẹ́, àwọn kan á jókòó, wọ́n á máa fi ìràwọ̀ rẹ̀ ṣírò iye ọdún tí yóò lò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí Ibn Khaldun ti dojú kọ ọ́, tó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn awòràwọ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọba tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Méjèèjì ni a ó sọ, a kò ní fi ọ̀kan pamọ́.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Abdur-Rahman ọmọ Muhammad ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ìlú Tunis ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 732 lẹ́yìn Híjírà, èyí tó bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù kárùn-ún ọdún 1332. Ìran Lárúbáwá Hadramaut ni wọ́n. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti jẹ́ ẹni ńlá ní ìlú Seville ní ilẹ̀ Andalus kí wọ́n tó ṣí wá sí Áfíríkà. Nínú ilé ìmọ̀ ló ti dàgbà. Ó há Al-Kùráánì sórí, ó kọ́ èdè Lárúbáwá, ó kọ́ Hádíìsì, ó sì kọ́ òfin ẹ̀sìn ní ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì, ọ̀nà kan náà tí àwọn àfáà wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé. Olùkọ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ al-Abili ló kọ́ ọ ní ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ àròjinlẹ̀.

Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá wọ Tunis ní 1348. Kí ọdún kejì tó parí, àrùn náà ti pa bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ìgbà tó dàgbà ló kọ ọ́ pé àrùn yẹn yí ayé padà débi pé ó dà bí ẹni pé a tún ayé dá, ó sì yẹ kí ẹnì kan tún ìtàn rẹ̀ kọ. A gbà pé láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn rẹ̀: kí ló ń gbé ìlú kan sókè, kí ló sì ń wó o lulẹ̀?

IṢẸ́ RẸ̀ LÁÀFIN ÀWỌN ỌBA

Ibn Khaldun ṣe iṣẹ́ ìjọba káàkiri. Ó ṣe akọ̀wé fún ọba Fez ní ilẹ̀ Mòrókò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1357, kò sì jáde títí ọba fi kú ní ọdún kejì. Ó lọ sí Granada ní 1362. Ní 1364, ọba Granada rán an níṣẹ́ sí Pedro, ọba Kìrìsítẹ́ẹ́nì ní Seville, ìlú àwọn baba rẹ̀ gan-an. Pedro fẹ́ kó dúró ti òun, ó ní òun yóò dá ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ padà fún un. Ibn Khaldun dúpẹ́, ó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ojú rẹ̀ rí ọba tó jẹ tí wọ́n sì yọ, ó rí ọ̀rẹ́ tó di ọ̀tá, ó rí ọ̀tá tó di mínísítà.

Láàfin wọ̀nyí, awòràwọ̀ kì í wọ́n. Òun náà bá wọn jókòó, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọdún 761 lẹ́yìn Híjírà, ó bá oníwàásù kan láti Constantine pàdé ní mọ́sálásí al-Qarawiyyin ní Fez, ó sì bi í léèrè nípa ìpàdé ìràwọ̀ méjì tí àwọn awòràwọ̀ ń retí ní ọdún 766. Ọkùnrin náà ní ohun tó ń tọ́ka sí ni pé ẹni alágbára kan yóò dìde láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, láàárín àwọn tó ń gbé inú àgọ́, yóò sì borí àwọn ìjọba ayé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FI ÌRÀWỌ̀ KA ÌTÀN

Ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń ṣe, kí èsì Ibn Khaldun tó lè yé wa. Bí wọ́n bá bí ọmọ, tàbí tí ọba gorí ìtẹ́, tàbí tí wọ́n tẹ ìlú dó, wọn yóò wo ibi tí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ márùn-ún tó ń rìn wà ní wákàtí náà. Wọn yóò ya àtẹ kan tó ní ilé méjìlá, wọn yóò sì to àwọn ìràwọ̀ náà sínú rẹ̀. Ilé kan wà fún ẹ̀mí, òmíràn fún ọrọ̀, òmíràn fún ìgbéyàwó, òmíràn fún ikú. Inú àtẹ yìí ni wọ́n ti ń ka ìgbésí ayé ẹni náà.

Nígbà tí Kálífà al-Mansur fẹ́ tẹ ìlú Baghdad dó ní 762, àwọn awòràwọ̀ ló bá a yan wákàtí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Nawbakht wà lára wọn. Al-Biruni tún ya àtẹ ìlú náà sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó lé ní igba. Wọ́n ròyìn pé àtẹ náà fi hàn pé Kálífà kankan kò ní kú sí Baghdad. Ṣùgbọ́n ní 813, Baghdad yìí náà ni wọ́n ti pa Kálífà al-Amin. Ní 1258, àwọn ọmọ ogun Mongol wọ ibẹ̀, wọ́n pa Kálífà al-Musta'sim, wọ́n sì ba ìlú jẹ́.

Ní ti ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè, ìràwọ̀ méjì ni wọ́n gbára lé jù: Zuhal, tó ń yí sánmọ̀ po ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, àti Mushtari, tó ń yí i po ní nǹkan bí ọdún méjìlá. Àwọn méjèèjì máa ń pàdé ní nǹkan bí ogún ọdún síra. Qirān ni a ń pe ìpàdé yìí ní èdè Lárúbáwá. Àwọn awòràwọ̀ sọ pé ìpàdé kékeré a máa mú ọba tuntun tàbí ogun wá, ìpàdé ńlá a sì máa mú ẹ̀sìn tuntun tàbí ìran ọba tuntun wá. Abu Ma'shar ará Balkh, tó kú ní 886, kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀. Al-Kindi tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ìjọba àwọn Lárúbáwá yóò lo ọdún 693. Nígbà tí Ibn Khaldun gbé kálàmù, ọdún 779 lẹ́yìn Híjírà ni. Ọdún 693 ti kọjá tipẹ́, àwọn Mùsùlùmí ṣì ń kírun, wọ́n ṣì ń jọba.

ÌWÉ MUQADDIMAH

Ní 1375, ọ̀rọ̀ ìjọba sú Ibn Khaldun. Ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ilé olódi kan tí wọ́n ń pè ní Qal'at Ibn Salama, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí. Ibẹ̀ ló ti kọ Muqaddimah, ìṣáájú ìwé ìtàn ńlá rẹ̀. Oṣù márùn-ún péré ló fi kọ ọ́ tán ní 1377.

Nínú ìwé yìí ló ti ya orí kan sọ́tọ̀ láti dá àwọn awòràwọ̀ lóhùn. Àkọ́kọ́, ó ní bí wọ́n bá sọ pé ìrírí ló kọ́ wọn, ìrírí kò lè dá múlẹ̀ àfi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ léraléra tí a sì rí i. Yíyípo àwọn ìràwọ̀ mìíràn sì gùn ju ọjọ́ orí ènìyàn lọ. Èkejì, ó ní bí a bá tilẹ̀ gbà pé oòrùn ń mú ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò wá, tó sì ń mú èso pọ́n, ìràwọ̀ kò ju ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ ìdí lọ. Ẹni tó mọ ìdí kan ṣoṣo tí kò mọ ìyókù, àfọ̀wọ́fà ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹ̀kẹta, Ọlọ́hun nìkan ni Olùṣe. Ó rán wa létí ohun tí Ànábì kọ́ wa, pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnì kan tàbí nítorí ìyè rẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, kú ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí àwọn ènìyàn rò pé oòrùn ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ náà.

Èyí tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ẹ̀kẹrin. Ó ní ọ̀rọ̀ awòràwọ̀ a máa ba ìlú jẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣe kòńgẹ́ òótọ́, àwọn tí kò jinlẹ̀ á gba gbogbo ìyókù gbọ́. Bí wọ́n bá sì sọ pé ìjọba kan yóò wó ní ọdún báyìí, àwọn ọ̀tá àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ á gbára dì, wọ́n á sì kọlù ú. Ó ní òun ti fojú ara òun rí púpọ̀ nínú irú èyí. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ ni yóò pa á, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìfura tú ilé rẹ̀ ká.

Kò fi yanrìn títẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìṣirò ìràwọ̀ ló nira fún àwọn kan, ni wọ́n bá fi àmì mẹ́rìndínlógún orí yanrìn rọ́pò rẹ̀, kò sì ní ẹ̀rí tó dúró lé lórí.

Kí wá ni Ibn Khaldun fi rọ́pò àtẹ ìràwọ̀? Ìwà ènìyàn ni. Ó ní àwọn tó bá fi ìṣọ̀kan so ara wọn pọ̀, èyí tó pè ní asabiyya, ni wọ́n ń gba ìjọba. Ìran kìn-ín-ní jìyà, wọ́n jọ jà, wọ́n jọ jẹ. Ìran kejì bá ọlá nílé. Ìran kẹta gbàgbé ìyà, wọ́n di ẹni tí a ń ṣọ́, wọ́n ń háyà ọmọ ogun. Ìran kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bí ogójì ọdún, nítorí náà ìran ọba kì í sábà kọjá ọgọ́fà ọdún. Pẹ̀lú ojú yìí ló fi wo ayé. Kódà ó kọ ìtàn àwọn ọba Mali ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa, títí kan Mansa Musa tó kọjá ní Íjíbítì lọ sí Háájì ní 1324.

NÍWÁJÚ TIMUR

Ní 1382 ó lọ sí Íjíbítì. Ní 1384 wọ́n fi í ṣe adájọ́ àgbà fún àwọn ọmọlẹ́yìn Máálíkì. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti Tunis rì. Ó gba kádàrá, ó sì lọ sí Háájì ní 1387.

Ìparí ọdún 1400 ni Timur dó ti Damascus. Aṣẹ́gun ni, tí àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ń pè ní Sahib Qiran, ìyẹn ẹni tí ìpàdé ìràwọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọba Íjíbítì, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kó ogun wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró ọ̀tẹ̀, ó sáré padà sílé. Ibn Khaldun kù sínú ìlú tí wọ́n dó tì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1401, wọ́n fi okùn sọ arúgbó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yìí kalẹ̀ láti orí odi, ó sì lọ bá Timur nínú àgọ́ rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun, nítorí adájọ́ àgbà mìíràn ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀. Ó wá ro ọ̀rọ̀ dídùn tí yóò sọ. Ó ní ó ti tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún tí òun ti ń fẹ́ rí Timur, fún ìdí méjì. Ìdí kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ asabiyya ni: agbára ìṣọ̀kan àwọn ènìyàn Timur pọ̀ ju ti ìran gbogbo lọ. Ìdí kejì ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ní Fez ní ogójì ọdún sẹ́yìn, pé ìpàdé ìràwọ̀ ọdún 766 ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa alágbára tó ń gbé inú àgọ́. Inú Timur dùn. Lẹ́yìn náà Ibn Khaldun gbé Al-Kùráánì kan, ìtẹ́lẹ̀ ìkírun, ìwé Burda àti àpótí mẹ́rin àdídùn Káírò fún un. Timur dìde, ó gbé Al-Kùráánì náà lé orí.

Ibn Khaldun rí ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n kó Damascus, iná sì jó mọ́sálásí ńlá àwọn Umayyad. Nígbà tó dé Káírò láyọ̀, ó kọ lẹ́tà sí ọba kan ní Maghrib nípa Timur. Ó ní àwọn kan sọ pé oṣó ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: ọlọ́gbọ́n ni, ojú rẹ̀ mú, ó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn lórí ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Nínú lẹ́tà náà, ẹ̀rù ti lọ, òye ti padà.

IKÚ RẸ̀ ÀTI Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ FÚN WA

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fi í joyè adájọ́ àgbà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ràmàdáánì ọdún 808, ìyẹn ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1406, ó kú ní Káírò, wọ́n sì sin ín sí ibi ìsìnkú àwọn Súfí lẹ́yìn ẹnubodè Bab al-Nasr. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

A kò sọ ọ̀rọ̀ Timur láti bu onímọ̀ kù. Òun ló kọ ọ́ fún wa, kò sì fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rù ni ilẹ̀kùn tí awòràwọ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó mọ̀ pé òfìfo ni, tó tilẹ̀ kọ ìwé lé e lórí, ó tún nawọ́ sí i lọ́jọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lẹ́nu idà. Mélòó mélòó wá ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́? Kí a má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí a jókòó tì wọ́n, kí a ràn wọ́n lọ́wọ́, kí a sì bá wọn ṣe àdúà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń gòkè, tàbí tí ẹgbẹ́ kan bá ń tú, ẹ má wo òkè. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe síra wa. Ẹ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ láti fi mọ alẹ́, oṣù àti ọ̀nà Kíbílà. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kí Ó sì fi wá lọ́kàn balẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀rù. Àmín.