Ṣódẹkẹ́: Olórí Tí Kò Dé Adé

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó tẹ ìlú dó nílẹ̀ Yorùbá, ọba ni ó sábà máa ń ṣáájú. Ti Abẹ́òkúta yàtọ̀. Jagunjagun ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé abẹ́ Olúmọ, kò sì jọba títí ó fi kú.

Ṣódẹkẹ́ ni Sẹ̀ríkí Ẹ̀gbá. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì ń gbé nínú ìpọ́njú ní agbègbè Ìbàdàn. Ní ọdún 1830, ó ṣáájú wọn lọ sí Abẹ́òkúta.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ará ìlú kan ṣoṣo. Ẹ̀gbá Aláké wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Òkè-Ọnà àti Gbágùúrá. Ní nǹkan bí ọdún 1834, àwọn Òwu náà dé. Agbára ogun wà lọ́wọ́ Ṣódẹkẹ́, ṣùgbọ́n kò fi pa oyè ẹnikẹ́ni rẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀. Àwọn Ògbóni rẹ̀ ń dájọ́, àwọn Olórógun ń bójú tó ogun, àwọn Pàràkòyí sì ń bójú tó òwò. Ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gbìmọ̀ lé lórí. Báyìí ni ẹni tí ó ti abúlé kékeré wá kò ṣe di àlejò ní Abẹ́òkúta.

Ó gba àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti oko ẹrú bọ́, tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Sàró. Ó gba Thomas Birch Freeman lálejò ní 1842 àti Henry Townsend ní 1843. Àwa tí a jẹ èso ẹ̀kọ́ Kristẹni jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún Ṣódẹkẹ́ ni okùn tí ó so ìlú pọ̀. Nígbà tí ó kú ní 1845, okùn náà dẹ̀. Ó di 1854 kí wọ́n tó fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké. Síbẹ̀, ìpín tí ó fi sílẹ̀ kò parun: Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu wà pẹ̀lú Aláké títí di òní.

Gídíónì náà ṣẹ́gun, ó sì kọ ìjọba. Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́-jáde, nínú ìjọ, nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìṣèlú, ẹ jẹ́ kí a pín agbára nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wa, kí a sì fi ìlànà dì í, kí ó má bàa bá wa wọ ibojì.