Hideyoshi, ọkùnrin tó fi orúkọ gòkè

Nígbà kan tí mò ń ṣe ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan, ọmọ ilẹ̀ Japan kan wà tí tábìlì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Tó bá fẹ́ sọ orúkọ ìdílé ẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ ẹ̀ lórí fóònù, kì í kàn dárúkọ kó sì dákẹ́. Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: àmì ti odò ni o, kì í ṣe èyí tó dà bíi tiẹ̀ yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Ìgbà tí mo bi í ló jókòó tì mí, tó mú bébà, tó sì fi hàn mí pé orúkọ kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ìdílé mẹ́rin tí kò bára wọn tan rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn ilẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àmì yẹn. Kanji ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti yá a. Àmì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tiẹ̀, ó sì sábà máa ń ní ju ìró kan lọ. Ẹ mú orúkọ Itō. Àwọn kan ń kọ ọ́ báyìí, 伊藤, àwọn míì ń kọ ọ́ báyìí, 伊東. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àmì kejì nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ òdòdó kan tó máa ń fà mọ́ igi, ti ìkejì sì jẹ́ ìlà-oòrùn. Òdòdó yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Fujiwara, ìdílé tó jẹ gàba láàfin ọba Japan fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Nínú Fujiwara, "fuji" ni wọ́n ń pè é. Nínú Itō, Satō àti Katō, "tō" ni. Ẹni tó bá ní in nínú orúkọ ń rán yín létí Fujiwara nìyẹn, yálà ó bá wọn tan lóòótọ́ àbí kò bá wọn tan. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ẹ̀ sórí páásípọ́ọ̀tù láìsí àmì ohùn kankan á tètè mọ ohun tí mò ń wí. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ìtumọ̀ ti bọ́ dànù.

Ó dáa. Toyotomi Hideyoshi ni ọkùnrin náà. 1537 ni wọ́n bí i, ní abúlé Nakamura ní agbègbè Owari, ibi tó ti di apá kan ìlú Nagoya báyìí. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí ẹ̀, bàbá ẹ̀ sì ń bá wọn lọ sógun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Kò sí orúkọ ìdílé ńlá kankan tó jogún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí orúkọ ti ń ṣiṣẹ́ bí ìwé ilẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ogun abẹ́lé ló gba gbogbo Japan kan nígbà náà. Ó lọ sìn lọ́dọ̀ ọ̀gá ogun kan tó ń jẹ́ Oda Nobunaga. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé sálúbàtà ọ̀gá ló kọ́kọ́ ń gbé, àti pé nígbà òtútù, àyà ló máa ń kó o sí kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọ̀gá tó wọ̀ ọ́. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ gbogbo ọmọdé Japan ló mọ ìtàn yẹn.

Orúkọ ìdílé tó kọ́kọ́ jẹ́ tí ayé mọ̀ ni Kinoshita. Àmì méjì péré ni, 木下: igi, àti ìsàlẹ̀. Abẹ́ igi nìyẹn. Àwọn òpìtàn kan ní ilé ìyàwó ẹ̀, Nene, tó fẹ́ ní 1561, ló ti rí i. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kún Japan. Tanaka ni àárín oko ìrẹsì, Yamamoto ni ìdí òkè. Ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n fi ń pè é. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀, kò sì sí iyì gidi kan níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1573, Nobunaga pa ìdílé Azai run, ó sì fa ilẹ̀ wọn tó wà létí adágún Biwa lé Hideyoshi lọ́wọ́. Ọmọ àgbẹ̀ di ìjòyè! Abẹ́ igi ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó wá ṣe ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin yìí, torí ìṣirò gidi ni. Àwọn àgbà méjì wà nínú àwọn ọ̀gágun Nobunaga tí kò sẹ́ni tó lè fojú di wọn: Niwa Nagahide àti Shibata Katsuie. Àwọn méjèèjì sì lè bínú pé ẹni àná yìí ti fẹ́ bá àwọn dọ́gba. Àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ Niwa, 丹羽: pupa, àti ìyẹ́ ẹyẹ. Àmì méjì ni Shibata, 柴田: ìṣẹ́pẹ́ igi ìdáná, àti oko ìrẹsì. Hideyoshi mú ìyẹ́ lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ó mú ìṣẹ́pẹ́ lọ́dọ̀ ìkejì, ó tò wọ́n pọ̀, 羽柴, ó sì di Hashiba. "Wa" ni ìyẹ́ yẹn ń jẹ́ nínú Niwa; bó ṣe gbé e síwájú orúkọ tiẹ̀, ó di "ha".

Ẹ wá sọ fún mi, kí ni ìyẹ́ àti ìṣẹ́pẹ́ ń ṣe pọ̀? Kò sí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá wá ìtumọ̀ orúkọ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ máa kàn rí ohun tí wọ́n fi ń dáná. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti yá àwọn àmì náà ni ìtumọ̀ wà. Ńṣe ló gbé orúkọ àwọn àgbà méjèèjì lé orí ara ẹ̀, bí ẹni ń sọ pé ẹ̀yin lẹ jù mí lọ o. Kò tán síbẹ̀. Ó kọ́ ilé olódi sí ìlú Imahama tí wọ́n fún un, ó sì yí orúkọ ìlú náà padà sí Nagahama. Wọ́n ní "naga" tó gbẹ̀yìn orúkọ Nobunaga ọ̀gá ẹ̀ ló mú. Ọkùnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn!

Ní 1582, ọ̀gágun Nobunaga kan, Akechi Mitsuhide, dìtẹ̀ mọ́ ọn, Nobunaga sì kú ní tẹ́ńpìlì Honnō-ji ní Kyoto. Ogun ni Hideyoshi ń jà lápá ìwọ̀-oòrùn nígbà náà. Ó sáré padà, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ṣẹ́gun Mitsuhide ní Yamazaki. Ìjà ta ló máa jogún agbára ló kù. Niwa dúró tì í. Shibata kọ̀. Ní 1583 wọ́n pàdé ní Shizugatake, Hideyoshi borí, Shibata sá lọ sí ilé olódi ẹ̀ ní Kitanoshō, ó sì pa ara ẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ nígbà tí iná ń jó ilé. Ẹni tí wọ́n yá ìṣẹ́pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ jóná mọ́lé, ẹni tó yá a sì ń jẹ́ Hashiba lọ ní tiẹ̀.

Ọwọ́ tó orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ipò tó fẹ́ láàfin ò sí fún ọmọ àgbẹ̀. Kampaku ni wọ́n ń pe ipò náà, ẹni tó ń bá ọba ńlá ṣàkóso, àwọn ọmọ Fujiwara nìkan ló sì ń jẹ ẹ́. Ní 1585, Konoe Sakihisa tó jẹ́ ọmọ Fujiwara gbà á ṣọmọ, ó sì joyè náà. Òdòdó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dé ọwọ́ ẹ̀ báyìí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1586 ààfin fún un ní orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ rí: Toyotomi, 豊臣. Àmì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ yanturu, ìkejì ni ìránṣẹ́ ọba. Orúkọ ìran mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù títí di ìgbà yẹn, Minamoto, Taira, Fujiwara àti Tachibana, òun náà wá gbé karùn-ún tì wọ́n. Kò sì ju Hashiba nù. Ọ̀tọ̀ ni orúkọ ìran tí ọba ń fúnni, ọ̀tọ̀ ni orúkọ ìdílé. Ó ń pín méjèèjì fún àwọn ìjòyè bí ẹni ń pín aṣọ ẹbí. Ó tún ń fún ọmọ àwọn ọlọ́lá ní "hide", àmì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ara ẹ̀ gan-an. Ọmọ ìjòyè kan tó ń jẹ́ Tokugawa Ieyasu gba tiẹ̀, ó sì di Hidetada. Ẹ má gbàgbé ọmọ yẹn.

Ibi tí inú mi ò ti dùn sí i rèé. Ní 1588 ó pàṣẹ kí wọ́n gba idà lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀, ó ní wọn á fi irin ẹ̀ ṣe ìṣó fún ilé ère Búdà ńlá tóun ń kọ́ ní Hōkō-ji ní Kyoto. Ní 1591 ó kà á léèwọ̀ fún jagunjagun láti padà di ará oko àti fún àgbẹ̀ láti fi oko sílẹ̀. Ó gun àkàbà tán, ó fà á sókè tẹ̀ lé ara ẹ̀. Lábẹ́ àwọn tó jọba lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ ìdílé téèyàn ń jẹ́ ní gbangba di ti àwọn jagunjagun àtàwọn díẹ̀ tí wọ́n fún láyè. 1870 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, ó sì di dandan fún gbogbo èèyàn ní 1875. Ogun Kòríà tó gbé dìde ní 1592 àti 1597 burú ju ìyẹn lọ. Imú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ gé wá sílé ṣì wà lábẹ́ òkìtì kan ní Kyoto títí dòní.

Ọmọ ni kò tètè rí. Àkọ́bí tó bí lọ́jọ́ ogbó kú ní 1591. Ó fi Hidetsugu ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe àrólé. Nígbà tí wọ́n wá bí Hideyori fún un ní 1593, àrólé di ẹrù. Ní 1595 ó ní kí Hidetsugu pa ara ẹ̀. Hideyoshi fúnra ẹ̀ kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, 1598. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Hideyori. Àwọn ìjòyè márùn-ún ló fi ọmọ náà sí lọ́wọ́, Ieyasu sì wà lára wọn.

Ieyasu yìí náà mọ ìtumọ̀ orúkọ dáadáa. Matsudaira ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, igi páìnì àti ilẹ̀ títẹ́jú. Ní 1566 ló yí i sí Tokugawa, ìwà rere àti odò, kí wọ́n lè kà á mọ́ ìran Minamoto. Ó borí àwọn tó ń bá a du agbára ní Sekigahara ní 1600, ó di shogun ní 1603. Ṣùgbọ́n Hideyori ṣì wà nílé olódi Osaka, ó ń dàgbà, ó sì lówó lọ́wọ́.

Ní 1614, Hideyori ń tún Hōkō-ji ṣe, torí ìmìtìtì ilẹ̀ 1596 ti ba ère bàbá ẹ̀ jẹ́. Wọ́n rọ agogo ràgàjì kan, àlùfáà Zen tó ń jẹ́ Bunei Seikan sì kọ àdúrà sí i lára. Àmì mẹ́rin kan wà nínú àdúrà náà tó tẹ̀ léra: orílẹ̀-èdè, ilé, àlàáfíà, ìlera. Kí ìlú tòrò ni gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ó tán, àbí? Àwọn èèyàn Ieyasu ní kò tán. Ilé àti ìlera ni wọ́n fi ń kọ Ieyasu, 家康. Wọ́n ní àlùfáà ti ki àmì míì sáàárín, ó ti gé ọ̀gá àwọn sí méjì. Àmì mẹ́rin míì tún wà: olúwa, ìránṣẹ́, ọ̀pọ̀ yanturu, ìdùnnú. Ẹ ka méjì àárín sẹ́yìn, Toyotomi lẹ máa rí. Wọ́n ní ńṣe ni ilé Toyotomi ń ṣépè fún Ieyasu, tí wọ́n sì ń ṣàdúrà fún ara wọn. Ilẹ̀ Japan ayé ọjọ́un ò sì jìnnà sí tiwa lórí èyí: èèyàn kì í ṣàdédé dárúkọ àgbà mọ́ ọn lójú. Seikan ṣàlàyé pé òótọ́ ni òun fi orúkọ náà síbẹ̀, pé láti fi súre ni. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ṣé Ieyasu gbà gbọ́ pé wọ́n ṣépè fún òun? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni, Hideyori sì ń bẹ ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ọ̀gá tó bá ti fẹ́ lé òṣìṣẹ́ á rí àṣìṣe nínú ìwé ìṣirò ẹ̀ dandan. Ogun dé Osaka nígbà òtútù 1614, ó tún dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1615. Ilé olódi jóná, Hideyori àti ìyá ẹ̀ kú síbẹ̀. Shogun ìgbà náà ni Hidetada, ẹni tó ń fi àmì Hideyoshi jẹ́ orúkọ. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Senhime, ni ìyàwó Hideyori. Òun jáde láàyè. Ọmọkùnrin Hideyori, Kunimatsu, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni wọ́n mú, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Kyoto. Ọmọbìnrin ẹ̀ ni wọ́n dá sí, wọ́n sì mú un lọ sí tẹ́ńpìlì àwọn obìnrin, Tōkei-ji, ní Kamakura. Bí Toyotomi ṣe parí nìyẹn.

Agogo náà ṣì wà ní Kyoto. Wọ́n ti fi funfun sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ẹ̀, kí àlejò lè rí i láìwá a kiri. Ojúbọ Hideyoshi tí àwọn Tokugawa tì pa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìjọba Meiji ló tún un kọ́ ní 1880. Ní ti Kinoshita, orúkọ abẹ́ igi tó jẹ́ kó tó di ẹni ńlá, ẹbí Nene ìyàwó ẹ̀ ń jẹ́ ẹ lọ. Wọ́n fi ṣe ìjòyè ní Ashimori àti ní Hiji láyé Tokugawa, títí ìjọba fi fagi lé oyè àwọn ìjòyè ní 1871.