Fraternity Kọ́ Ni Ẹgbẹ́ Òkùnkùn: Ìtàn Thurgood Marshall

Ẹ̀yin ará mi nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwa òbí Yorùbá tí ọmọ wa bá wọ yunifásítì níbí. Ọmọkùnrin á pe ilé pé òun fẹ́ wọ fraternity, tàbí kí ọmọbìnrin ní sorority lòun fẹ́ wọ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀, bàbá á ti figbe ta pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni! Mi ò dá irú bàbá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ta ló lè gbàgbé July 10, 1999, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, tí wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ?

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dá ọmọ yín lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín.

Ìlú Baltimore ni wọ́n ti bí Thurgood Marshall ní July 2, 1908. Tíṣà ni Norma, ìyá rẹ̀. William, bàbá rẹ̀, ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó tún ṣiṣẹ́ ní ilé fàájì àwọn òyìnbó. Lọ́dún 1925, Marshall wọ Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania. Iléèwé yìí kì í ṣe àjèjì sí wa o, torí níbẹ̀ náà ni Nnamdi Azikiwe ti kàwé, ọdún 1930 kan náà sì ni àwọn méjèèjì gboyè jáde. Kwame Nkrumah wá tẹ̀ lé wọn níbẹ̀.

Níbẹ̀ ni Marshall ti wọ ẹgbẹ́ Alpha Phi Alpha. Ohun tó bí ẹgbẹ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ní Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju ìwọ̀nba lọ nígbà náà. Mẹ́fà nínú wọn tó wà níbẹ̀ lọ́dún ẹ̀kọ́ 1904 sí 1905 ni kò padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó kò gba aláwọ̀ dúdú. Làwọn tó kù bá ní kí àwọn máa kàwé pọ̀, kí àwọn máa ran ara wọn lọ́wọ́, kí ìkankan má bàa tún sá lọ. Ní December 4, 1906, akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́dún 1908, àwọn obìnrin náà dá Alpha Kappa Alpha sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé angẹli ni Marshall ní Lincoln. Ọmọ tó fẹ́ràn eré àti ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n tiẹ̀ lé e sílé fúngbà díẹ̀ torí ìyà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jẹ àwọn ọmọ tuntun. Èyí gan-an lohun tó yẹ kí òbí máa bẹ̀rù títí dòní.

Nígbà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, iléèwé òfin ti ìpínlẹ̀ Maryland, nílùú rẹ̀ gan-an, kì í gba aláwọ̀ dúdú. Howard ní Washington ló lọ. Ìyá rẹ̀ fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ṣe ìdógò kí owó iléèwé lè pé, ọmọ náà sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Lọ́dún 1933, òun ló ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀.

Kò pé ọdún mẹ́ta sígbà náà, iléèwé Maryland yìí tún lé ọmọ dúdú mìíràn padà, Donald Gaines Murray. Alpha Phi Alpha dìde sọ́rọ̀ náà, wọ́n gba lọ́yà, ìyẹn Belford Lawson tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù lọ́dún 1935, Marshall àti ọ̀gá rẹ̀, Charles Hamilton Houston, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yẹn, ló rò ó lórúkọ NAACP. Wọ́n borí. Iléèwé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ irú Marshall wá ṣí i fún Murray. Ìgbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yẹn lọ́dún 1936, wọ́n tún jàre.

Láti ibẹ̀, iná ràn. Ẹjọ́ 32 ni Marshall rò níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ó jàre 29. Ọ̀kan nínú wọn ni Brown, tí wọ́n dá ní May 17, 1954, tó fòpin sí òfin pé kí ọmọ dúdú àti funfun má kàwé pọ̀. Lọ́dún 1960, ó lọ sí London láti bá àwọn ará Kenya ṣiṣẹ́ lórí òfin ìlú wọn. Lọ́dún 1967, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ó wà níbẹ̀ títí di 1991, ó sì kú ní January 24, 1993.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹgbẹ́ gidi kì í tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá gboyè. Àwọn àgbà inú rẹ̀ ló ń di ẹ̀yìn ọmọ mú, pàápàá ọmọ àjèjì tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá nítòsí. Nítorí náà, ẹ má fi igbe dáhùn, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ bi ọmọ yín. Kí ni àwọn tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà ń ṣe? Ṣé wọ́n ń bèèrè máàkì iléèwé kí wọ́n tó gba èèyàn? Ṣé wọ́n ń lù wọ́n, tàbí wọ́n ń fipá fún wọn lọ́tí? Òfin tí Ààrẹ Biden buwọ́ lù ní December 2024 sọ pé kí iléèwé gíga máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ tó bá jẹ̀bi ìfìyàjẹni síta, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹgbẹ́ tó bá ní dandan ni kí ọmọ jẹ ìyà kó tó di ará, ẹ ní kó sá fún un. Èyí tó bá ń ti ọmọ síwájú, ẹ súre fún un kó máa lọ.