Andrew Foster: Adití Tí Ó Di Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó mú ìhìnrere àti ìwé kíkà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, a kì í sábà rántí Andrew Foster. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, adúláwọ̀ ni, adití sì ni. Kí ó tó kú ní ọdún 1987, ó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ adití 31 sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà, ìlú Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibùdó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí ó tọ́ dàgbà ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà wà títí di òní.

A bí i ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1925, ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú ni baba rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, àrùn yírunyírun kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di adití. Wọ́n fi wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ adití tí ó wà fún àwọn adúláwọ̀ ní Talladega, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ aláwọ̀ funfun jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń rí gbà níbẹ̀ kò tó èyí tí ó lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé yunifásítì.

Foster kò gbà pé òpin ẹ̀kọ́ òun nìyẹn. Ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ó sì ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́. Nípa ẹ̀kọ́ tí a ń fi ránṣẹ́ láti Chicago, ó gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 1951. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní Washington, tí í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití, ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà wọ́n gbà á wọlé. Ní ọdún 1954, ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, òun ni a sì sábà máa ń kà sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gboyè jáde níbẹ̀.

Ó kù kí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ dé ìjìnlẹ̀. Láti ọdún 1891 ni Gallaudet ti ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ àwọn tí ó ti gboyè àkọ́kọ́ bí a ṣe ń kọ́ adití, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn tí etí wọn ń gbọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà sí ẹ̀ka náà. Ìdí ọ̀ràn yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ ní Milan ní Ítálì, wọ́n sì pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a máa fi kọ́ adití, kì í ṣe èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń fà sẹ́yìn láti gba adití síṣẹ́ olùkọ́. Bí ẹni pé a sọ fún ọmọ onílé pé kí ó bọ́ síta, kí àlejò wá fi ilé hàn án.

Foster wá àyè ẹ̀kọ́ náà sí ibòmíràn. Ní Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó di Yunifásítì Eastern Michigan, ó gba oyè kejì ní ọdún 1955 nínú ẹ̀kọ́ àwọn akàndá. Ní ọdún 1956 ó gba òmíràn nínú iṣẹ́ ìhìnrere ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Seattle Pacific. Ọdún yẹn náà ni ó dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ọdún 1957, ó dé Accra ní Ghana. Àwọn ọmọ adití pọ̀ ní ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fi pamọ́ sílé. Ó bẹ̀bẹ̀ fún yàrá ilé-ẹ̀kọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ tí ń gbọ́ràn bá sì ti lọ sílé, àwọn tirẹ̀ á wọlé. Ní ọdún 1960, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1961, ó gbé Berta níyàwó, obìnrin adití ará Jámánì, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè tí ìyá àti ọmọ dá sílẹ̀ láàrin ara wọn kò lè ka ìwé, kò sì lè ṣe ìṣirò. Ọmọ tí a bí ní adití lè pé ọdún mẹ́fà kí ó má tíì ní èdè kan pàtó. Olùkọ́ rẹ̀ ní láti fún un ní èdè kí ó tó lè fún un ní ìmọ̀: kí ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kí ó fi ìka pe lẹ́tà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ wo ètè òun. Inú rere nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. A ní láti kọ́ ọ ni.

Nítorí náà ni Foster ṣe sọ Ìbàdàn di ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé ń wá síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ń padà lọ kọ́ àwọn adití ilẹ̀ wọn. Adití ni púpọ̀ nínú wọn. Àǹfààní tí wọ́n ti fi du irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ń pín fún wọn. Ọwọ́ tí ó ń fi kọ́ wọn ti Amẹ́ríkà ni, àwọn onímọ̀ sì ti sọ pé èyí bo àwọn àmì ìbílẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn adití Nàìjíríà àti Ghana ti sọ ọ́ di tiwọn.

Gallaudet, tí ó ti kọ̀ ọ́ nígbà kan rí, fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1970. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1987, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí ó ń gbé e lọ sí Kenya já ní Rwanda, ó sì kú ní ẹni ọdún 62. Ní ọdún 2004, Gallaudet fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn kan.

Lónìí, Yunifásítì Ìbàdàn ń fi oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àwọn akàndá, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 fún irú iṣẹ́ yìí sì wà ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, bí ẹ bá ní ọmọ adití láàrin yín, ẹ má ṣe béèrè ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nìkan. Ẹ béèrè bákan náà bóyá ẹni tí yóò kọ́ ọ ti kọ́ iṣẹ́ náà, àti bóyá adití kan wà lára àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Ohun tí Andrew Foster fi ọgbọ̀n ọdún lépa nìyẹn.