George Ellery Hale: Ẹni tí ó Rí Òòfà nínú Oòrùn

Ní ọdún 1908 tí a dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa, ọkùnrin kan wà lórí òkè Wilson ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ń wá àṣírí kan nínú oòrùn. Orúkọ rẹ̀ ni George Ellery Hale. Ní àkókò àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ bí èyí, ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn rẹ̀, nítorí olùdásílẹ̀ ni òun náà.

Chicago ni a bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1868. William Hale, bàbá rẹ̀, ń ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè nínú ilé alájà púpọ̀, ó sì rí towó ṣe. Nígbà tí ó rí i pé oòrùn àti ìràwọ̀ ni ọkàn ọmọ náà fà sí, kò dá a lẹ́kun. Ó ra irinṣẹ́ fún un. Ní ọdún 1890, Hale kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Massachusetts Institute of Technology.

Àwọn àbàwọ́n dúdú tí ń hàn lójú oòrùn gbà á lọ́kàn púpọ̀. Ta ni yóò dé inú iná náà lọ wò wọ́n? Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń ti ibẹ̀ wá bá wa. Ṣùgbọ́n bí a bá tú àdìrẹ sílẹ̀ ní Ìtòkú, ìyá aláró tí ó mọṣẹ́ yóò wo ojú aṣọ, yóò sì mọ bí a ti dì í kí ó tó wọ inú aró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Hale ṣe ka ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Láti ọdún 1896 ni Pieter Zeeman, ará Nẹ́dálándì, ti fi hàn pé òòfà alágbára a máa mú kí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìmọ́lẹ̀ fẹ̀, tàbí kí wọ́n pín. Bí òòfà náà bá kọjú sí wa, apá kan ìmọ́lẹ̀ tí ó pín náà ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1908, Hale fi gíláàsì àkànṣe sínú ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ kí apá kan kọjá tí ó sì ń dá èkejì dúró. Bí ó ti yí i padà, ìlà náà ṣí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Òòfà wà nínú àbàwọ́n oòrùn! Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 gauss; òòfà ilẹ̀ ayé tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kò sì ju nǹkan bí ìdajì gauss lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ènìyàn rí òòfà níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé yìí.

Ní ọdún 1919, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn àbàwọ́n náà sábà máa ń rìn ní méjì-méjì, àríwá òòfà nínú ọ̀kan, gúúsù nínú èkejì, àti pé wọ́n ń pààrọ̀ ipò ní nǹkan bí ọdún 11 sí 11.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ṣe é re. Ó kéde pé òòfà tí ó bo gbogbo oòrùn tó nǹkan bí 50 gauss. Ní àwọn ọdún 1950, Harold Babcock, tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ lórí òkè Wilson, àti Horace ọmọ rẹ̀, fi ẹ̀rọ tí ó dára jù wọ̀n ọ́n: nǹkan bí gauss kan péré ni. Ọ̀nà tí Hale là ni wọ́n sì tọ̀ tí wọ́n fi tún un ṣe.

Àìsàn ọpọlọ tún dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi fi ipò olórí sílẹ̀ ní ọdún 1923. Síbẹ̀, ní ọdún 1928, ó rí mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là gbà fún awò awọ̀nàjínjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó 200 ínṣì. Kò fojú rí i. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1938. Ọdún 1948 ni a tó ṣí i lórí òkè Palomar, a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí bàbá tí ó ra irinṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa lélẹ̀ kò fojú rí wa, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ. Ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí a bá tún ṣe lónìí, ọmọ tí a kò mọ̀ ni yóò lò ó.